Àwọn Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fò

Ìyá kan wà tó jẹ́ pé àlùmọ́gàjí àwọn ọlọ́wọ́ òsì nìkan ló ń ṣe, òun àti òṣìṣẹ́ mẹ́rin. Nígbà tí ọjà ò yá mọ́, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún iléeṣẹ́ ńlá kan, kí àwọn kàn máa tà á. Ìyá ní kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí lọ́wọ́ ará ìlú bóyá wọ́n ṣì fẹ́ àlùmọ́gàjí náà. Wọ́n bá háyà olùwádìí kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n nítorí táì ọrùn rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n bi igba èèyàn. Ẹyọ ẹnì kan ò fẹ́ ẹ.

“Mélòó ló ń lo ọwọ́ òsì nínú wọn?” ni ìyá bi í.

“Kò sí, mà. Ẹni tó bá nawọ́ òsì gba bírò lọ́wọ́ mi, ńṣe ni mo ń fò ó. Mi ò gba ìwàkiwà.”

Àbúrò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá nawọ́ òsì, ó yọ bírò lápò Ọ̀jọ̀gbọ́n. “Ó yá, ọ̀gá oníwàpẹ̀lẹ́, a jọ ń padà lọ bá wọn ni.”

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti rí ọlọ́wọ́ òsì mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Télọ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ìyá: “Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń fi àlùmọ́gàjí ọlọ́wọ́ ọ̀tún bá aṣọ jà!”

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún iléeṣẹ́ ńlá pé àwọn ò gbé iṣẹ́ náà fún wọn mọ́.