Èéfín Ilé Màmá Peigi

Láti ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì ni Raonaid ti rí i pé èéfín kò jáde nílé Màmá Peigi. Òtútù sì mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi náà.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, òun ló máa ń kó àbàtà, ìṣù ilẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n fi ń dá iná bí igi, wọlé fún ìyá arúgbó náà, nítorí orúnkún rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ní erékùṣù wọn, kò sẹ́ni tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, torí wọn kì í ṣe iṣẹ́ kankan lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n lánàá, àwọn ife fàdákà Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ni Raonaid ń nù. Ó nù wọ́n títí wọ́n fi ń dán gbinrin, ìyàwó àlùfáà yìn ín, inú rẹ̀ dùn, ó sì gbàgbé.

Ó tẹ̀ sí etí Torcuil, ọkọ rẹ̀.

"Mi ò kó àbàtà wọlé fún Màmá Peigi. Mo fẹ́ jáde."

"Kí o gbé apẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn kọjá lójú gbogbo ìjọ? Catriona, olófòófó ìjọ yìí, á rí ọ̀rọ̀ sọ títí ọdún á fi yípo." Ó rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n. "Ìyá yẹn le bí òkúta. Jókòó jàre."

Raonaid mọ̀ pé Ìwé Mímọ́ kò lòdì sí àánú lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹnu àwọn èèyàn ló ń bà á lẹ́rù. Ó jókòó. Wọ́n kọ Sáàmù, ó gbé ohùn sókè. Nígbà tí ife kàn án, ó rí ojú ara rẹ̀ nínú fàdákà náà, ó kéré, ó sì wọ́.

Bí ìsìn ti parí, ó sáré. Màmá Peigi jókòó níwájú ààrò tútù, ó wọ kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì, Bíbélì wà lórí itan rẹ̀. Òtútù ti mú kí ètè rẹ̀ dúdú.

"O ti dé. Mo rò pé ara rẹ ni kò yá. Mo ti ń gbàdúrà fún ọ."

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò pe ẹnikẹ́ni?"

"Lọ́jọ́ Ìsinmi? Ta ni màá wá yọ lẹ́nu, ọmọ mi?"

Raonaid dá iná, ó fi kúbùsù wé e, ó ń fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dókítà fi dé. Ní ọjọ́ Túsìdé, Màmá Peigi kú.

Kò sẹ́ni tó bá Raonaid wí. Catriona alára dì mọ́ ọn níbi ìsìnkú. "O tọ́jú wọn dáadáa," ló wí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bí ìjọ ti ń wọlé, wọ́n rí i tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà nínú aṣọ dúdú, apẹ̀rẹ̀ àbàtà wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Raonaid," Catriona rọra pè é, "kò sẹ́nì kankan nínú ilé yẹn mọ́."

"Mo mọ̀, mà."

Ó kọjá lọ lójú gbogbo wọn. Kí wọ́n tó kọ Sáàmù àkọ́kọ́ tán, èéfín ti ń jáde lórí òrùlé Màmá Peigi, kò sì sí ẹni tí kò rí i.