Bàbá Páìpù Ń Wá Ibi Tó Ń Jò

Bẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tó mọ̀ nípa omi ẹ̀rọ, tí kò wá mọ nǹkan kan nípa oyún, ẹ lọ kí Bàbá Páìpù. Púlọ́ńbà ni. Tó bá fi etí lé ògiri báyìí, á sọ ibi tí páìpù ti ń jò nínú rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ti àyẹ̀wò aláboyún dé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ òun ti wálẹ̀ díẹ̀. Ara ọkọ bù máṣọ. Lẹ́nu iṣẹ́ tirẹ̀, bí agbára omi bá ti wálẹ̀, ó ń jò níbì kan nìyẹn. Oyún wọn àkọ́kọ́ sì ti bàjẹ́ rí. Ẹ̀rù bà á gidi.

“Dùbúlẹ̀.”

“Àwọn tí mo fẹ́ dirun fún ń dúró ní ṣọ́ọ̀bù!”

“Irun ò ní sá lọ.” Ó fi etí lé ikùn rẹ̀, ó fi ìka kàn án kó-kó-kó.

“Kí lo gbọ́?”

“Ebi ń pa ọ́.”

Nígbà tí ìdùbúlẹ̀ sú obìnrin náà, ó wọ́ ọkọ rẹ̀ lọ bá ìyá agbẹ̀bí.

“Ìyá, níbo ló ti ń jò?”

Ìyá agbẹ̀bí rẹ́rìn-ín títí. “Ọ̀gá, bẹ́ ẹ bá yọ páìpù tín-ín-rín, tẹ́ ẹ fi èyí tó fẹ̀ rọ́pò rẹ̀ ńkọ́?”

“Omi á pọ̀, agbára ẹ̀ á rọlẹ̀.”

“Iṣan ẹ̀jẹ̀ ìyàwó yín ti dẹ̀, ó ti fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà ti pọ̀ sí i. Èyí tó wọ ilé ọmọ ló fẹ̀ jù, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn wọlé jẹ́jẹ́. Ara rẹ̀ le. Tó bá yá, ìfúnpá á tún gòkè padà.”

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Àmọ́ oníṣẹ́ ni, kò lè ṣe kó má bèèrè: “Ta ló wá bá wa fẹ̀ ẹ́?”

“Ọmọ yín ni. Kó tó ní ọwọ́ rárá, ibi ọmọ rẹ̀ ti ránṣẹ́ wọ inú iṣan ìyá rẹ̀ lọ, ó sì fẹ̀ ẹ́.”

Ìyá agbẹ̀bí gbé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ lé ikùn náà. Fùù, fùù, fùù. Bàbá Páìpù mọ ìró yẹn dáadáa: kò sí ibi tó ń jò. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Ó gbé báàgì ìyàwó rẹ̀, ó ní kó máa lọ dirun fún àwọn tó ń dúró dè é. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ síwájú ikùn, ó ṣí fìlà.

“Ọ̀gá mi,” ó ní, “ẹ kú iṣẹ́ o.”