Ọjọ́ Tí Láìkukan Fá Etí Odò

Gbogbo àdúgbò ló ń pe onígbàjámọ̀ náà ní Láìkukan, nítorí pé tó bá ti gé irun tán, kò sí ẹyọ kan tó máa ṣẹ́ kù tí kò ní padà lọ bá. Bó ṣe rí ní ṣọ́ọ̀bù náà ló rí nílé. Bí ìyàwó rẹ̀ bá gbálẹ̀ tán, á tún un gbá. Bí wọ́n bá to bàtà sẹ́nu ọ̀nà, á bẹ̀rẹ̀, á tún un tò kí imú wọn lè dọ́gba. Ìyàwó rẹ̀ ti bá a jà títí, ó ti sú u. "Bàbá wọn," ló máa ń wí, "ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dé ọ̀run, ẹ ó ní kí wọ́n tún ìràwọ̀ tò."

Abájọ tó fi jẹ́ pé nígbà tí ẹgbẹ́ Ọ̀rẹ́ Odò bẹ̀rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Tíṣà Àgbà, obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, torí pé odò kékeré tó gba ẹ̀yìn àdúgbò kọjá ti ń kú lọ. Gbogbo ohun tí ènìyàn bá dà sí gọ́tà lókè, epo ọkọ̀, omi ọṣẹ, ike, ọ̀rá, bí òjò bá ti rọ̀, ó di inú odò. Ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, àwọn méjìlá á kóra jọ. Wọ́n á ṣa ike, wọ́n á kó ìdọ̀tí kúrò lẹ́nu gọ́tà, wọ́n á sì fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà kọ̀ọ̀kan pé: IBÍ YÌÍ JÁ SÓDÒ. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ẹja wẹ́wẹ́ ti padà. Lọ́jọ́ tí wọ́n rí àkọ́kọ́, Tíṣà Àgbà sunkún ní gbangba, kò sì tijú ẹnikẹ́ni.

Láìkukan ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ìmọ́tótó. Wọ́n fún un ní ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn kan tó ń tàn yanran. Ọkùnrin tí wọn ò fi ṣe ọ̀gá ohunkóhun rí láyé rẹ̀! Ó ń wọ ẹ̀wù náà lọ ra búrẹ́dì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí òjò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àwọn àlejò ń bọ̀ láti àdúgbò mìíràn, wọ́n fẹ́ wá wo iṣẹ́ ẹgbẹ́. Láìkukan wo etí odò, ó rí koríko tó ga dé orúnkún, ara rẹ̀ ò gbà á. Ó mú àdá, ó mú ọkọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ṣán koríko náà tó sì ń hú gbòǹgbò rẹ̀, láti ẹsẹ̀ afárá títí dé ẹ̀yìn ilé ìwé. Ibì kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ, nítorí pé agbọ́n wà níbẹ̀, wọ́n sì ti ta á létí kí ó tó gbà fún wọn.

Nígbà tó ṣe tán, kò sí ewé kan lórí ilẹ̀ náà mọ́. Àwọn àlejò dé, wọ́n pàtẹ́wọ́. Tíṣà Àgbà ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó mọ̀. "Àbúrò, iṣẹ́ yìí gún régé!" ló wí. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí òwe nígbà tí wọ́n bá ń yìn ín?

Òjò àkọ́rọ̀ dé lọ́jọ́ Ajé. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, kò sì dá títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, odò ti pọ́n bíi tíì oní-mílíìkì. Ẹrẹ̀ ti bo ibi tí àwọn ẹja ń yé sí, àwọn ẹja fúnra wọn sì léfòó, wọ́n dojú ikùn sókè. Tíṣà Àgbà dúró lórí afárá, ó ń ka òkú ẹja.

Wọ́n pèpàdé lọ́jọ́ kejì nínú ṣọ́ọ̀bù Láìkukan, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi rí ẹlẹ́bi. Bíríkìlà kan ń kọ́lé lókè àdúgbò. Kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó gbà fúnra rẹ̀ láti ìgbà tó ti kúrò lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀ sì nìyẹn. Yanrìn rẹ̀ wà létí ọ̀nà, gọ́tà sì gba iwájú rẹ̀ kọjá.

"Ta ló tún kù tá à ń wá?" Láìkukan ló kọ́kọ́ pariwo. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró!"

Tíṣà Àgbà kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n lé bíríkìlà náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Láìkukan ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí àwọn tí kò sí nípàdé fọwọ́ sí i ní Sátidé, kí wọ́n tó gbé e lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Láìkukan lọ sétí odò láti wo iye ṣọ́bìrì tí wọ́n máa nílò láti kó ẹrẹ̀. Ohun tó rí mú un dúró gbagidi. Gbogbo ibi tó ti fá ti ya lulẹ̀ sínú omi. Àfi ọ̀dọ̀ àwọn agbọ́n. Ibẹ̀ dúró gbọnin, koríko orí rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ò sì sún ní ìka kan. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún wo ọ̀dọ̀ àwọn agbọ́n. Kò sí bó ṣe lè tan ara rẹ̀ jẹ.

Síbẹ̀, ó gòkè lọ wo yanrìn bíríkìlà, bóyá Ọlọ́run á ṣàánú rẹ̀. Tapólì, ọ̀rá ńlá tí omi kì í gbà kọjá, ni wọ́n fi bo yanrìn náà, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká. Inú gọ́tà iwájú rẹ̀ mọ́ ju ti iwájú ṣọ́ọ̀bù Láìkukan lọ.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá," ni bíríkìlà kí i, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ṣìmẹ́ǹtì lọ́wọ́. "Mo rí ohun tẹ́ ẹ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, pé ibí yìí já sódò. Ẹ ò rí i, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni mo ṣe ra tapólì kí òjò tó bẹ̀rẹ̀."

Láìkukan tún wo tapólì náà. Ó ní "ó dáa," ó sì yí padà.

Kò lè jẹun nílé. Ìyàwó rẹ̀ gbé àwo kúrò níwájú rẹ̀, ó jókòó tì í, ó sì dúró dè é títí ó fi jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Bí mo bá sọ ọ́, Ìyá wọn, wọ́n á bọ́ ẹ̀wù náà lọ́rùn mi. Wọ́n á fi mí ṣẹ̀sín títí mo fi máa kú. Bí mo bá sì dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ṣé ìka ọmọ ọlọ́mọ lẹ fẹ́ kí wọ́n gé? Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀."

"Orúnkún ń dùn mí."

"Ẹ yáa tètè kúnlẹ̀, kẹ́ ẹ lè tètè dìde."

Nígbà tí wọ́n pé jọ ní ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé, lẹ́tà náà wà lórí tábìlì láàárín ìyarun àti sísọ́ọ̀sì. Láìkukan bọ́ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn náà. Ó ká a, ó rí i pé etí rẹ̀ ò dọ́gba, ó tún un ká, ó sì gbé e lé orí lẹ́tà.

"Èmi ni," ló wí. "Kì í ṣe ọmọ yẹn. Ẹ lọ wo ọ̀dọ̀ àwọn agbọ́n. Koríko ló di ilẹ̀ mú, èmi ni mo sì hú u. Èmi ni mo pa àwọn ẹja yẹn."

Tíṣà Àgbà mú fóònù rẹ̀, ó wá fọ́tò kan jáde, ó gbé e sókè.

"Ta ló ya fọ́tò yìí?" ló bi wọ́n. "Ta ló pàtẹ́wọ́? Èmi tí mo fi ọdún márùn-dín-lógójì kọ́ ọmọ níwèé, mo dúró lórí ilẹ̀ tó wà níhòòhò, mo ní iṣẹ́ yìí gún régé." Ó fa lẹ́tà náà ya sí méjì. "Gbogbo wa la pa ẹja yẹn. Àbúrò, gba ẹ̀wù rẹ. A níṣẹ́ láti ṣe."

Láìkukan ò tíì wọ̀ ọ́. Ó ní ó ku ibì kan tí òun máa dé.

Òun nìkan ló gòkè lọ. Ó sọ fún bíríkìlà náà nípa lẹ́tà, nípa orúkọ tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀, àti ìdí tí wọ́n fi fà á ya. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń po ṣìmẹ́ǹtì lọ. Kò dá a dúró, kò gbójú sókè. "Mo ti gbọ́, bàbá," ló wí, ó sì kọ̀yìn sí i. Láìkukan rọra sọ̀ kalẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́ ju bó ṣe gòkè lọ.

Ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ri èèkàn mọ́ etí odò, wọ́n hú koríko ní ìdí-ìdí níbi tó ti pọ̀, wọ́n gbìn ín síbi tó pá. Ní Sátidé kejì, wọ́n bá àpò tí wọ́n ti rọ yanrìn kún, ọgbọ̀n, tí wọ́n tò lẹ́sẹ̀ afárá. Ẹni tó gbé wọn wá ò dúró, kò sì ránṣẹ́. Wọ́n tò wọ́n sí etí odò níbi tó ti ya jù. Òjò ńlá méjì rọ̀ lóṣù yẹn, Láìkukan sì fẹsẹ̀ sáré lọ síbẹ̀ nínú méjèèjì. Omi dàrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò ya. Nígbà tí òjò fi ń kásẹ̀ nílẹ̀, koríko ti dé orúnkún, Tíṣà Àgbà sì ti tún rí ẹja mẹ́ta.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Láìkukan ń gbá ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ẹnìkan wọlé. Bíríkìlà náà ni, eruku ṣìmẹ́ǹtì sì kún orí rẹ̀. Kò wá síbẹ̀ rí. Ó jókòó sórí àga láìdúró de ẹnikẹ́ni, ó sì tẹ orí rẹ̀ ba.

Láìkukan so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn. Ó tú u, ó tún un so, bíi ọmọ iṣẹ́ ọjọ́ kìíní.

"Báwo ni ká ṣe gé e?" ló béèrè.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò ó nínú dígí.

"Bó bá ṣe wù yín, bàbá," ló wí. "Ẹ ṣáà má fá a."

Láìkukan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omijé ló kọ́kọ́ jáde. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó gbé sísọ́ọ̀sì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e díẹ̀díẹ̀.