Kíndìnrín Mi Ń Lọ Ilé Ọkọ

Àkànní àbúrò mi, jókòó kí o gbọ́ àlá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lá. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún ọ láti ìgbà tí kíndìnrín rẹ ti daṣẹ́ sílẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá wa. Àwa méjèèjì ń lo oògùn HIV wa bí a ṣe ń lò ó láràárọ̀, ni kíndìnrín mi kan bá jáde níhà mi. Ó wé gèlè, ó ní òun ń lọ ilé ọkọ, lọ́dọ̀ rẹ.

Ìwọ alágídí, o dábùú ẹnu ọ̀nà. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kòkòrò tó wà lára mi ti tó mi. N kò gba tiyín kún un."

Dókítà gbé abọ́ omi dé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo ti yẹ ẹ̀yin méjèèjì wò. Oògùn ti ká kòkòrò yín lọ́wọ́ kò. Ẹ yà fún ìyàwó."

Ló bá ń fọ ẹsẹ̀ kíndìnrín, bí a ṣe ń fọ ẹsẹ̀ ìyàwó tuntun kó tó wọlé. Ẹsẹ̀ ọ̀hún sì tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tèmi. Mo ní bí o kò bá yà, n ó tì ọ́ ṣubú. O yà. Ìyàwó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, omi tutù kán sí mi níhà, mo jí.

Dìde, wọ ṣòkòtò rẹ. Ọ̀dọ̀ dókítà là ń lọ.