Àtẹ́lẹwọ́ Ni Adájọ́

Ọwọ́-Irin ni wọ́n ń pè é nílé ìfọṣọ tó ti ń lọ aṣọ, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ mọ̀ bóyá áyọ́ọ̀nù ti gbóná, wọ́n á fi itọ́ ra ìka, wọ́n á fi kàn án fẹ́rẹ́, wọ́n á sì yára fà á sẹ́yìn. Òun ńkọ́? Àtẹ́lẹwọ́ ni yóò gbé lé e, yóò máa wo ojú wọn, yóò máa rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí awọ ọwọ́ náà ti kú. Ó gbà pé ọwọ́ òun mọ iná ju ti gbogbo ayé lọ, kò sì sẹ́ni tó láyà láti sọ fún un pé ọwọ́ tí kì í jóná mọ́ kò mọ iná mọ́.

Nílé, ọwọ́ yìí kan náà ló ń dájọ́ bóyá ara ọmọ yá tàbí kò yá. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, rédíò kékeré tí kò ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á, tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń pè ní Ẹnu-ò-sinmi. Awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ni ọkọ, ilé kì í gbé e. Àwọn obìnrin méjèèjì ló kù nínú yàrá méjì tí wọ́n ń fojú gún ara wọn.

Mi ò ní purọ́, ìyá àgbà a máa kẹ́ ọmọ bà jẹ́. Ní sáà tó kọjá, ó ránṣẹ́ síbi iṣẹ́ pé inú ń run ọmọ, òun ò jẹ́ kó lọ sílé ìwé. Ọwọ́-Irin pa iṣẹ́ tì, ó sáré délé, ó bá aláìsàn lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń fo okùn, tó ń kọrin. Ọ̀gá rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, pé ṣé ọmọ náà ti jàjà bọ́ lọ́wọ́ okùn. Láti ọjọ́ náà ló ti búra pé àfi ohun tí àtẹ́lẹwọ́ òun bá sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, Ẹnu-ò-sinmi dákẹ́. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ìbọ̀sẹ̀ kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́, ó gbé ọrùn gan bí ẹni tó ru omi. Ìyá àgbà fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó sì fa ọwọ́ yọ kíá. Ó ní ara ọmọ ń jó bí iná, kí wọ́n lọ yá tẹmómítà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó wà nílé iwájú.

Àfi bí ẹni pé ó bú u. Ọwọ́-Irin gbé àtẹ́lẹwọ́ lé iwájú orí ọmọ, ó fi í síbẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ náà kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní ara ọmọ tutù, ìdánwò ìṣirò ló ń ṣe é.

"Ìyàwó mi, fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án," ni ìyá àgbà wí. "Àtẹ́lẹwọ́ tìẹ ti kú."

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ tó kó ìkà sínú ni. Gbogbo ìkùnsínú ọdún tó ti kọjá ló wà nínú ohùn rẹ̀. Ká ní ó bẹ̀ ẹ́ ni, bóyá ìbá gbọ́.

"Màámi, ọkọ mi lẹ bí," ni Ọwọ́-Irin dá a lóhùn. "Ẹ ò bá mi bí èyí."

Ó fi ipá wọ ìbọ̀sẹ̀ kejì fún ọmọ. Ó kìlọ̀ fún un pé bí wọ́n bá fi lè ránṣẹ́ sí òun láti ilé ìwé lónìí, yóò jẹ ìyà tó máa mú un gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. Ọmọ kàn mi orí díẹ̀, ó sì dùn ún débi pé ó di ojú.

Ó pa ìkìlọ̀ náà mọ́. Ó gbé orí lé tábìlì ní kíláàsì, kò wí fún ẹnikẹ́ni. Tíṣà tí ariwo ọmọ náà ti sú tipẹ́ tiẹ̀ yìn ín lójú àwọn yòókù pé ẹ wo ọmọ tó gbọ́n lónìí. Ìgbà tó yí lulẹ̀ láti orí bẹ́ǹṣì, tó ń gbọ̀n, ni tíṣà kígbe.

Wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n sì ránṣẹ́ sílé àti síbi iṣẹ́; ìyá àgbà ló kọ́kọ́ dé. Dókítà bá a sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní bó bá jẹ́ àárọ̀ ni wọ́n gbé e wá, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀. Ó ní ọmọ ti lọ. Ìyá àgbà jókòó sórí àga gígùn, ó ń lọ ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún ìyàwó rẹ̀ bí ẹni ń lọ ata, ó ń lọ̀ ọ́ títí ó fi kúnná.

Ọwọ́-Irin sáré wọlé, ooru áyọ́ọ̀nù ṣì wà lára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sì dúró gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti yọ abẹ́rẹ́ lápá ọmọ, wọ́n ti fi aṣọ bò ó dé àyà. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé iwájú orí rẹ̀, ibi tó gbé e lé láàárọ̀ gan-an. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ náà gbọ́ nǹkan. Ojú rẹ̀ tàn.

"Màámi, ẹ wá kàn án," ni ó wí. "Ṣebí mo sọ fún yín. Ara rẹ̀ tutù."

Ìyá àgbà dìde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ti lọ̀ kúnná lẹ́nu. Ó wo ọwọ́ náà, ó wo ojú ẹni tó ni ín. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tirẹ̀ kan ọrùn ọmọ, kò sì fà á yọ.

"O jàre, ìyàwó mi," ni ó wí. "Ó tutù."