Irin Tí Wọ́n Sọ ní Málọmọ́

Obìnrin onímọ̀ irin kan wà tó ti sin irin tó pọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá irin tí wọn yóò fi tẹ́ inú ẹ̀rọ ńlá kan, èyí tí wọ́n fẹ́ máa dá iná bíi ti oòrùn sí kí ìlú lè rí iná mànàmáná lò. Gbogbo èyí tó bá ti pò, bó bá wọ iná àdánwò báyìí, yóò sán, tàbí kó yọ́ bí òrí. Làwọn ará ibi iṣẹ́ bá ń pè é ní Ìyá Àbíkú. Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń dùn ún. Ọ̀gá sì ti sọ ojú abẹ níkòó: bí èyí tó kàn bá tún kú, iṣẹ́ rẹ̀ tán nìyẹn, kó palẹ̀ mọ́.

Ó ṣe òmíràn, ó sọ ọ́ ní Málọmọ́.

Iná jó Málọmọ́ títí, iná ló rẹ̀. Irin jáde, ó ń dán. Obìnrin yìí pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó ní, "Mọ́mì, Málọmọ́ dúró o!" Ìyá, tí kò mọ̀ ju pé ọmọ òun ń dáná sun irin lọ, gbàdúrà fún irin.

Ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ẹ lọ gé e sí méjì."

"Kí ló ṣe, Ọ̀gá?"

"Ojú ló ń dán. Ta ló mọ inú?"

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn: irin tó bá yè, wọ́n á pa á kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó yè lóòótọ́. Ẹ tiẹ̀ gbọ́rọ̀! Obìnrin náà mọ òfin yìí, òun gan-an ló ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n tẹlòmíì ló rọrùn láti gé. Ó fi Málọmọ́ sápò, ó ní inú ń run òun, ó ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ọkùnrin tó ń gé irin, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ayùn, wá kanlẹ̀kùn. "Àǹtí, ẹ jáde. Mi ò ní jẹ́ kó dùn ún."

"Irú ìsọkúsọ wo nìyẹn? Ṣé irin ń mọ ìrora ni?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣèmi."

Ó jáde. Ayùn ké, obìnrin náà dijú. Nígbà tó lajú, Ọ̀gá ti tẹjú mọ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ọ̀gá wá gbórí sókè.

"Kò sán níbì kankan. Irú irin yìí la ó fi tẹ́ inú ẹ̀rọ. Ẹ kú oríire."

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Fóònù dún. Ìyá rẹ̀ ni.

"Málọmọ́ ńkọ́? Ṣé ara ẹ̀ le?"

"Ara ẹ̀ le dáadáa, Mọ́mì," ó ní, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "A ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e sí méjì ni."