Àtẹ́wọ́ Ìyá Naimat

Tí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Fẹ́yìsetán, ẹ sáà pàtẹ́wọ́ sí i. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà nípìnlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹni tó bá pàtẹ́wọ́ síni, ó ń fini ṣẹ̀sín ni. Kò tíì pẹ́ tóun àti Tamílọ́rẹ, ọmọ ẹ̀, kó dé Ilo-Awela, ní Sàngó Ọ̀tà, tí irú ẹ̀ fi ṣẹlẹ̀ sí i.

Ràbíátù, Ìyá Naimat, ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tiẹ̀. Láfún ló ń ṣe tà, òun ló sì fi ń tọ́ ọmọ. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó ti sá láfún rẹpẹtẹ sórí ọ̀rá lẹ́yìnkùlé. Nírọ̀lẹ́, Fẹ́yìsetán rí i pé òjò ṣú dẹ̀dẹ̀. Ó sáré lọ kanlẹ̀kùn Ràbíátù.

"Ìyá Naimat o! Ìyá Naimat!"

Kò tíì dé orí ọ̀rọ̀ òjò tó fi gbọ́ ọ láti inú yàrá: pá, pá! Ó tún pè. Pá, pá!

"Èmi lẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ lé bí ẹni ń lé adìyẹ? Ó dáa."

Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Fẹ́yìsetán padà sí yàrá, ó jókòó ti fèrèsé, ó ń wò bí òjò ṣe ń lu láfún títí tó fi di omi funfun tó ń ṣàn lọ sí gọ́tà. Ká má purọ́, ó dùn mọ́ ọn díẹ̀.

Ìgbà tí Ràbíátù fi máa sáré jáde tòun ti híjáàbù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó rí Fẹ́yìsetán lójú fèrèsé.

"Ìyá Tamílọ́rẹ, mo gbọ́ ohùn yín o. Ẹ ṣeun tí ẹ wá pè mí. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ṣòfò."

Fẹ́yìsetán rò pé ó ń pẹ̀gàn òun ni.

Lọ́jọ́ kejì, Fàlílù, ọkọ Ràbíátù, ti ibi iṣẹ́ dé láti Àgbárá. Ó kanlẹ̀kùn. Pá, pá! Fẹ́yìsetán tó ń fọ abọ́ lójúde tẹ́tí sílẹ̀. Lójú tiẹ̀, obìnrin tí wọ́n ń tò sẹ́yìn ọkùnrin ní mọ́ṣáláṣí ò lè lẹ́nu nínú ilé; ó ti ń káàánú Ràbíátù tipẹ́. Ó ń retí ariwo. Ńṣe ni baálé ilé gbé báàgì lé itan, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì jẹ́ẹ́.

"Bàbá Naimat, wọ́n pàtẹ́wọ́ sí yín, ẹ ò bínú?"

Fàlílù rẹ́rìn-ín. "Ó ń kírun lọ́wọ́ ni. Téèyàn bá pe obìnrin lórí ìrun, kò lè dáhùn, àtẹ́wọ́ ló máa fi sọ fónítọ̀hún pé kó dúró. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ jókòó. Kì í pẹ́."

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Fẹ́yìsetán. Ojú tì í, àfi bíi kí ilẹ̀ lanu. Ẹni tóun ní kò lẹ́nu, àtẹ́wọ́ lásán ló fi dá ọkọ ẹ̀ dúró. Òun tó lẹ́nu, kò lè fi sọ pé òjò ń bọ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó lóun á lọ jẹ́wọ́. Ó kanlẹ̀kùn. Pá, pá. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tó yá, ó gbọ́ tí Ràbíátù kírun tán, tó wá ń fi Yorùbá ṣàdúà. Ó ṣe é fún ọkọ, ó ṣe é fún Naimat.

"Ọlọ́run, Ìyá Tamílọ́rẹ tó wá sẹ́nu ọ̀nà mi lọ́jọ́ òjò, bó ṣe ṣe mí gẹ́lẹ́ ni kó o ṣe òun náà, àti ọmọ ẹ̀."

Fẹ́yìsetán, tí àmín rẹ̀ máa ń ròkè ju ti gbogbo ìjọ lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, fọwọ́ bo ẹnu.

Ràbíátù ṣílẹ̀kùn, ó rí i, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Háà, ẹ̀yin lẹ wà níbí? Ẹ̀ ń gbọ́ àdúà yín, ẹ ò ṣe àmín?"